Fáìlì Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Kan ní Ẹ̀pẹ́, àti Kọ̀ǹpútà Tó Lè Gbé e

Ọ́fíìsì náà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí kò jìnnà sí etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Bí ẹ bá ṣí fèrèsé, omi lẹ máa rí. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ni ín, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì lé ní 900: ẹlẹ́ja ọjà Olúwo, aránṣọ, tíṣà, awakọ̀, àwọn tó ń ta irin àti sìmẹ́ńtì. N ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, n ò sì ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Wọ́n gbà kí n kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé owó tí wọ́n ná kí nǹkan tó gún régé pọ̀, wọn ò sì fẹ́ kí ẹgbẹ́ mìíràn ná irú rẹ̀.

Ọjọ́ ìparí oṣù kan lọ́dún 2024 ni mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Àlàájà akápò jókòó síwájú laptop kékeré kan, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ojú Excel, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣírò owó, ti funfun báláú, wọ́n kọ “Not Responding” (kò fèsì) sókè rẹ̀. Obìnrin kan wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, abọ́ ẹja tó ti tà tán wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ mọ iye tó kù lórí owó tó yá, kó tó wọ ọkọ̀ padà sílé. Ó ti tó ogójì ìṣẹ́jú tó ti jókòó.

“Ẹ̀njiníà, ẹ kú ọ̀nà o,” ni Àlàájà wí. “Excel yìí ló bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti tún un fi sí i. Ẹ bá wa wá Excel gidi.”

Excel ò bàjẹ́. Àmọ́ ó gbà wá ní bí oṣù mẹ́fà kí gbogbo wa tó mọ ohun tó ń ṣe ọ́fíìsì náà gan-an, èmi náà sì ṣe àṣìṣe méjì lójú ọ̀nà tí mo máa sọ.

Kí ẹ tó lè lóye ọ̀rọ̀ náà, ẹ ní láti mọ fáìlì yẹn. Ìwé ńlá elẹ́yìn páálí ni wọ́n ń lò títí di 2019. Lọ́dún náà, ọmọ ọ̀kan nínú wọn tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga kó gbogbo rẹ̀ sínú Excel fún wọn. Iṣẹ́ tó dára ni, mo gbóríyìn fún ọmọ náà. Ojú ewé kan wà fún owó ìfipamọ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀kan fún ẹ̀yáwó, ọ̀kan fún èlé, ọ̀kan fún àwọn onídùúró. Bí ẹ bá tẹ nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ kan, gbogbo ohun tó jẹ mọ́ ọn á jáde, títí kan àwòrán ojú rẹ̀. Ìgbà tí mo máa fi rí fáìlì náà, ó ti di 26MB. Orí flash dúdú kékeré kan tí wọ́n so okùn pupa mọ́ ni ó ń gbé. Láàárọ̀, akọ̀wé á lò ó, lọ́sàn-án, Àlàájà á gbà á. Wọn kì í kọ́kọ́ dà á sórí kọ̀ǹpútà. Orí flash yẹn náà ni wọ́n ti ń ṣí i, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi iṣẹ́ pamọ́ sí. Mo rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo sọ pé kò dáa, ṣùgbọ́n mi ò tẹnu mọ́ ọn. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn.

Kí wọ́n tó pè mí, wọ́n ti ṣe wàhálà púpọ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ méjì ni wọ́n ní tẹ́lẹ̀, RAM (ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju 2GB lọ. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, ẹnì kan bá wọn tún Office fi sí i, ẹnì kan pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, ó tún Windows gbé kalẹ̀, ẹnì kan ní kòkòrò ló wọ̀ ọ́, ó pààrọ̀ antivirus. Ìgbìmọ̀ wá jókòó, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ tòkunbọ̀ mọ́, tuntun láwọn máa rà kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ àwọn jẹ. Wọ́n ra laptop tuntun mẹ́ta, wọ́n ń yọ wọ́n látinú páálí bí ọmọ tuntun. Inú gbogbo ẹgbẹ́ dùn.

Mo ti rí irú laptop wọ̀nyí ní ọ́fíìsì tí kò lóǹkà láti Ìkòròdú dé Àgbádárìgì, mo sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń fa ojú ẹni mọ́ra. Wọ́n fẹ́lẹ́, wọ́n mọ́, owó wọn ò pọ̀. Chip Celeron N4020 ni ọpọlọ tó wà nínú wọn, core (apá tó ń ṣe ìṣirò) méjì péré. RAM wọn jẹ́ 4GB, wọ́n sì ti jó o mọ́ pátákó inú rẹ̀, kò sí ibi tí ẹ lè ki òmíràn sí láéláé. Ibi ìkóǹkanpamọ́ wọn jẹ́ eMMC 64GB. Iye tí Microsoft ní ó kéré jù fún Windows 11 gan-an náà nìyẹn, 4GB àti 64GB. Ohun tí wọ́n ń pè ní “ó kéré jù” túmọ̀ sí pé Windows fúnra rẹ̀ máa dìde. Wọn ò ṣèlérí pé àyè máa ṣẹ́ kù fún iṣẹ́ yín. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan tí Windows ti ń gba àtúnṣe orí íntánẹ́ẹ̀tì, àyè tó kù lórí ọ̀kan nínú wọn ò tó 3GB.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó tì wọ́n fún odidi ọjọ́ kan kí n máa wò. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo ṣí Task Manager, ibi tí Windows ti ń fi bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn, sí ẹ̀gbẹ́ kan lójú laptop Àlàájà, mo sì mú aago fóònù mi dání. Ó tẹ fáìlì náà. RAM ti wà ní ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún kí Excel tó bẹ̀rẹ̀ rárá, nítorí pé WhatsApp àti ojú ìwé báńkì wà ní ṣíṣí. Bí Excel ṣe dìde, ó di 94. Lẹ́yìn náà ni Disk fò sí 100, ó sì dúró síbẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé RAM ti kún, Windows wá ń kó ẹrù inú rẹ̀ lọ sórí eMMC, ó tún ń kó o padà bọ̀, eMMC náà ò sì yára. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá ló gbà kí fáìlì tó ṣí. Ní gbogbo ìgbà tí Àlàájà bá tẹ nọ́ńbà owó kan wọlé, Excel á tún bẹ̀rẹ̀ ìṣirò gbogbo ìwé.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ni inú fáìlì, torí pé kọ̀ǹpútà tó lágbára jù lọ máa rojọ́ bí ẹrù òfo bá pọ̀ lórí rẹ̀. Àwòrán àwọn ọmọ ẹgbẹ́, tí wọ́n fi fóònù yà tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ inú Excel bẹ́ẹ̀, ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú 26MB yẹn. Mo kó wọn sínú àpò mìíràn. Gbogbo VLOOKUP (àṣẹ Excel tó ń wá nǹkan jáde nínú òpó) tó ń wo òpó láti òkè délẹ̀, èyí tó ju mílíọ̀nù kan ìlà lọ nígbà tí ìlà tí wọ́n lò ò tó ẹgbẹ̀rún, mo dín in kù sí ibi tí nǹkan wà. Fáìlì di 9MB. Ó wá ń ṣí láàárín ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá 35. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an. Mo mọ̀ pé a ò tíì débẹ̀, nítorí pé ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ṣì pọ̀ jù fún obìnrin tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì bí èèyàn méjìlá bá wà níwájú rẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí àbúrò alága fi gbé kọ̀ǹpútà méjì dé láti Òtígbà, ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà. Àpótí ńlá ni wọ́n, èyí tí gbogbo wa ń pè ní CPU, sítíkà i7, orúkọ irú chip Intel kan tó ga ju i5 lọ, ń dán lára wọn. Mi ò sí ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà. Alága pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ kún fún ayọ̀: “Ẹ̀njiníà, i7 ni o!”

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ka nọ́ńbà tó tẹ̀lé i7 náà fún mi. Ó kà á: 2600. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì díẹ̀. Nínú irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ìran kejì ni 2 tó ṣáájú ń sọ, ọdún 2011 ló sì jáde. Kì í ṣe ẹ̀rọ tí kò dára o. Core mẹ́rin ni, ó lè ṣe ìṣirò Excel yẹn ju Celeron lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n i5 ìran kẹjọ tí sítíkà rẹ̀ kéré sí tirẹ̀ lójú ọjà á bá a dọ́gba tàbí kó jù ú, kò sì ní mu iná tó o. Chip i7-2600 nìkan, wọ́n ṣírò ooru rẹ̀ sí 95W. Ti i5-8250U inú laptop jẹ́ 15W. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà pé kí wọ́n ka nọ́ńbà tó tẹ̀lé e, kí wọ́n fi lẹ́tà àkọ́kọ́ sílẹ̀. Àwọn kan máa ń yọ sítíkà yẹn lára ọ̀kan lẹ̀ mọ́ òmíràn pàápàá.

Hard disk ayíbírí ló wà nínú méjèèjì. Fáìlì ń ṣí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 55, ìṣirò sì ń yára. Gbogbo wọn gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Wọ́n kó laptop mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú kọ́bọ́ọ̀dù.

Alẹ́ ìparí oṣù kọkànlá ni. Wọ́n ń ti ìwé oṣù náà pa, Àlàájà, akọ̀wé àti ọmọ tó ń bá wọn tẹ̀wé. Inverter wà ní ọ́fíìsì yẹn tipẹ́, bátìrì 200Ah méjì ló gbé e, nítorí náà kò sí ẹni tó ń bẹ̀rù pé iná á lọ. Iná lọ. Gílóòbù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó tún tàn. Fáànù ò tilẹ̀ dúró. Ṣùgbọ́n CPU méjèèjì kú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde padà látìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ náà sọ fún mi pé iná kékeré ara flash ṣì ń ṣẹ́jú, ó ń kọ nǹkan lọ́wọ́, nígbà tí ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn.

Fáìlì náà ò ṣí mọ́.

Mo dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Mo lo “Open and Repair” inú Excel. Ojú ewé owó ìfipamọ́ padà bọ̀, ti ẹ̀yáwó àti ti onídùúró ò bọ̀. Ẹ̀dà kan wà lórí laptop akọ̀wé, ọjọ́ mọ́kànlá ló ti pẹ́ tó. Ọjọ́ mọ́kànlá owó àwọn èèyàn tó ń jí lọ sọ́jà láago mẹ́rin ìdájí ni a ń wá.

Wọ́n ránṣẹ́ sí ọjà Olúwo pé kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ mú káàdì wọn wá. Mi ò ní gbàgbé ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Àwọn ìyá ń gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bọ̀, káàdì wọn wà nínú ọ̀rá tí wọ́n wé ní ìlọ́po méjì, èéfín ẹja ń rùn lára rẹ̀. Omi ti kan àwọn kan, báírò ti ṣí. Ọmọ tó ń tẹ̀wé á ka nọ́ńbà sókè, Àlàájà á tún un kà, akọ̀wé á fi ìṣẹ́jú kan wo rìsíìtì kó tó fọwọ́ sí i. Ìyá kan gbé káàdì tirẹ̀ kalẹ̀, owó kan wà níbẹ̀ tí kò sí nínú ẹ̀dà àtijọ́, tí rìsíìtì rẹ̀ náà sì ti sọnù. Kò pariwo. Ó kàn ń wo ojú Àlàájà, ó ní, “Ṣé ẹ̀yin náà rí i pé mo san án?” Àlàájà ní òun rí i. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Lẹ́yìn tí ìyá yẹn lọ, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ nínú ọ́fíìsì.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé bí fáìlì á ṣe yára ṣí kọ́ ni ìbéèrè àkọ́kọ́ níbí.

Mo yẹ hard disk inú CPU méjèèjì wò pẹ̀lú CrystalDiskInfo, ètò tó ń sọ bí ara disk ṣe le sí. Ọ̀kan yọ àwọ̀ yẹ́lò, “Caution” (ẹ ṣọ́ra). Àwọn ibi tó ti bàjẹ́ lórí rẹ̀ tí ó ti fi òmíràn rọ́pò pọ̀, àwọn tó ṣì ń dúró kó tó mọ̀ bóyá wọ́n ti bàjẹ́ náà wà. Mo yọ méjèèjì, mo fi SSD sí i. Fáìlì wá ń ṣí láàárín ìṣẹ́jú àáyá 14. Ìyàtọ̀ 55 sí 14 yìí, ká má fọwọ́ kan chip, ká má fọwọ́ kan RAM, ló yẹ kí gbogbo oníṣẹ́ wa fi sọ́kàn. Hard disk ní láti gbé apá rẹ̀ kiri lórí àwo tó ń yí kí ó tó rí ẹ̀ka fáìlì kọ̀ọ̀kan, SSD ò ní apá tó ń rìn.

Ìyókù ni ọ̀rọ̀ iná. Kí ló dé tí fáànù ò kú tí kọ̀ǹpútà fi kú? Nígbà tí iná ìjọba bá lọ, inverter máa ń gba ìgbà kékeré kan kó tó gbé ẹrù náà. Fáànù á ṣì máa yí, gílóòbù á ṣẹ́jú. Power supply inú CPU lè fara dà á fún bíi ìdá 16 tàbí 17 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan, bó bá ṣì jẹ́ tuntun. Tiwọn ti lo ọdún púpọ̀ nílẹ̀ òkèèrè kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo wo ẹ̀yìn inverter, mo rí bọ́tìnì kékeré kan tí wọ́n kọ “Normal” sí òkè, “UPS” (ipò tó ń tètè gbé ẹrù kí kọ̀ǹpútà má baà kú) sí ìsàlẹ̀. Ó wà lórí Normal. Mo ti í sí UPS, mo yọ wáyà lára ògiri láti dán an wò. Kọ̀ǹpútà ò kú. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó dáa. Mo gba owó iṣẹ́ mi, mo padà sílé.

Àṣìṣe mi kejì nìyẹn. Ọjọ́ kẹta, wọ́n pè mí ní ọ̀sán gangan pé inverter ń ké, ó sì ti pa gbogbo nǹkan. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, ṣebí iná wà. Wọ́n ní iná wà lóòótọ́. Ìgbà tí mo dé tí mo ki míta bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, 168 volt ni mo rí. Mo dúró tì í títí di aago mẹ́ta, kò kọjá 174. Inverter tó bá wà lórí UPS kì í fẹ́ iná tí kò pé. Èyí tí wọ́n ní yìí, bí iná bá ti wá sísàlẹ̀ 180 báyìí, yóò kà á sí pé iná ti lọ, yóò sì bọ́ sórí bátìrì. Nítorí náà ní gbogbo ọ̀sán tí àwọn ará ọ́fíìsì rò pé iná ìjọba làwọn ń lò, bátìrì ni wọ́n ń mu, kò sì sí ohun tó ń gba agbára padà sínú rẹ̀. Bí mo bá ti wọn iná náà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́ kí n tó fọwọ́ kan bọ́tìnì yẹn, mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Ibi tí mo jókòó sí tí mò ń ronú ni ọmọ tó ń tẹ̀wé ti mú ọ̀kan nínú àwọn laptop kékeré jáde látinú kọ́bọ́ọ̀dù kó lè máa bá iṣẹ́ lọ. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan láìrò ó jìnnà: “Bọ̀dá, èyí kì í kú ní tiẹ̀ tí iná bá lọ.”

Òótọ́ ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ wọ́n nínú páálí, kò sí èyí tó kú rí nítorí iná. Bátìrì inú wọn ni UPS wọn. Mo gbé ṣájà rẹ̀, mo yí i padà, mo ka ìwé kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀: INPUT 100–240V. 168 volt tó ń dààmú wa yìí, ara oúnjẹ rẹ̀ ni. Ìgbìmọ̀ ti ra irú ohun tó yẹ látìbẹ̀rẹ̀. Agbára inú rẹ̀ ni ò tó. Àbúrò alága wá ra agbára tó tó, nínú irú ohun tí iná Ẹ̀pẹ́ ò lè gbé. Méjèèjì ti rí ìdajì ọ̀rọ̀ náà, èmi tí wọ́n pè pé kí n wá mọ̀ ọ́n ni mo ń ti bọ́tìnì.

A jókòó, a kọ ohun tí iṣẹ́ náà ń béèrè sórí ìwé kan kí a tó lọ sọ́jà. Kí fáìlì ṣí kó tó di ogún ìṣẹ́jú àáyá. Kí iná lọ, kí iṣẹ́ má dúró. Kó lè lo iná 168 volt. Kó jẹ́ pé a lè fi RAM kún un, a sì lè pààrọ̀ SSD rẹ̀ níbí ní Ẹ̀pẹ́. Kó gba Windows 11, nítorí pé Microsoft ti kéde pé àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 máa parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 (ohun ààbò inú kọ̀ǹpútà) àti, ní ti Intel, ìran kẹjọ sókè. Ìlà yẹn nìkan ti yọ i7-2600 kúrò. Ohun tó kù lójú ìwé ni laptop tòkunbọ̀ tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá òkèèrè lò tí wọ́n sì tà: irú ThinkPad T480, EliteBook 840 G5, Latitude 5490. Àwọn tòkunbọ̀ tí ìgbìmọ̀ ti ní àwọn ò fẹ́ rí mọ́ ni. Ó gba ìpàdé méjì kí wọ́n tó gbà.

Èmi àti akọ̀wé la jọ lọ Òtígbà ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. A mú flash méjì dání. Irinṣẹ́ wà lórí ọ̀kan, fáìlì ẹgbẹ́ wà lórí èkejì, mo ti pa orúkọ àti nọ́ńbà fóònù gbogbo èèyàn rẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Laptop mọ́kànlá la yẹ̀ wò. Mẹ́ta la rà.

Àwọn mẹ́jọ tó kù kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ ju àwọn tí a rà lọ. Sítíkà ọ̀kan ní i7, Windows fúnra rẹ̀ ní i5 ìran kẹfà. Ọ̀kan ń béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé kí a tó lè wọ BIOS (ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dìde), iléeṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀ ló tì í pa, ẹni tó ń tà á ò sì mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan dára láti òkè délẹ̀, àfi pé nígbà tí mo ní kó kọ ìròyìn bátìrì rẹ̀ jáde pẹ̀lú powercfg /batteryreport, 50,000 mWh (ìwọ̀n agbára bátìrì) ni wọ́n ṣe é láti gbé, 17,000 ló kù tó ń gbé. Fún ẹlòmíràn ìyẹn ò burú. Fún ọ́fíìsì tó jẹ́ pé bátìrì gan-an ni à ń rà, kò wúlò. Oníṣọ́ọ̀bù kan bínú nígbà tí mo ní kó jẹ́ n tú ìdí rẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, owó àwọn ìyá ọlọ́jà ni mo mú dání.” Wọ́n rọ̀, wọ́n sì fún mi ní sukuraifa tiwọn. Nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn la ti ra méjì. Ihò RAM méjì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, SSD M.2 sì ni. Mo ki fáìlì ẹgbẹ́ bọ ọ́, mo tẹ aago: ìṣẹ́jú àáyá 11.

A fi RAM kún wọn di 16GB. Àwọn kan nínú oníṣẹ́ wa máa ń sọ pé 8GB ti tó fún Excel. Ó tó fún Excel nìkan. Kò sí akápò tó ń ṣí Excel nìkan. WhatsApp wà níbẹ̀, ojú ìwé báńkì wà níbẹ̀, PDF tí alága fi ránṣẹ́ wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní ọjọ́ ìparí oṣù kan náà.

Ó ku ibi tí fáìlì á máa gbé. Flash okùn pupa yẹn, mo ní kí Àlàájà tì í mọ́ inú séèfù. Orí SSD laptop tirẹ̀ ni fáìlì wà báyìí, àwọn méjì yòókù ń gba wáyà wọlé sí i. Ẹnì kan ló ń kọ nǹkan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó kù ń wò. Ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ̀dà kan ń lọ sórí disk ìta tí wọ́n ń tì mọ́ séèfù, ọ̀kan ń gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ sí ibi ìpamọ́ ìta. Inverter padà sí Normal, kó máa gbé fáànù àti gílóòbù rẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ adáàbòboná sẹ́nu sọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn ṣájà, nítorí pé ìgbà tí iná bá ń padà dé ni ó máa ń fò sókè kọjá 240 tí ṣájà lè gbà. Laptop mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ò mu iná tó CPU kan.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ojú laptop akọ̀wé ń di aláwọ̀ aró, ó ń pa ara rẹ̀, ó sì tún ń dìde. Mo fi MemTest86, ètò tó ń dán RAM wò, yẹ̀ ẹ́ wò mọ́jú, ìlà pupa kún ojú rẹ̀. RAM tí a fi kún un ló ní àbàwọ́n. Ẹni tó tà á pààrọ̀ rẹ̀ láìjanpata. Láti ìgbà náà, kò sí RAM tí mo máa fi sínú kọ̀ǹpútà oníbàárà mọ́ láìjẹ́ kó sùn lórí MemTest86 mọ́jú ọjọ́ kan.

Àwọn laptop kékeré mẹ́ta náà ò ṣòfò. Ọ̀kan wà lẹ́nu ọ̀nà, òun ni wọ́n fi ń kọ orúkọ àti iye owó sínú ojú ewé kékeré kan tí wọ́n sì fi ń tẹ rìsíìtì jáde, iṣẹ́ tó lè gbé láìmí gúlegúle. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gba owó kiri ọjà. CPU i7 kan ń bẹ níbẹ̀ fún kíkọ́ àwọn ọmọ tuntun, a ò so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì.

Nígbà tí oníbàárà bá pè mí báyìí pé òun fẹ́ ra kọ̀ǹpútà fún ọ́fíìsì, mi ò tíì lè sọ irú èyí tó máa rà fún un lórí fóònù, bó ti wù kí ó yá a lára tó. Màá kọ́kọ́ lọ jókòó tì wọ́n fún ọjọ́ kan, ó dáa bó bá jẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ jù. Màá wọn iná ibẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, màá sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Màá béèrè ibi tí fáìlì tó ṣe pàtàkì jù ń sùn. Mo ń bi wọ́n pé bí fáìlì yẹn bá sọnù láàárọ̀ yìí, ta ló máa gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wá mú káàdì rẹ̀ wá. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín. Àwọn kan máa ń dákẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn tó dákẹ́ yẹn ni mo ti máa ń pẹ́ jù.

Mo wà lọ́dọ̀ Àlàájà ní ìparí oṣù kan láìpẹ́ yìí. Èèyàn mẹ́jọ ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Iná lọ ní nǹkan bí aago mẹ́ta kọjá, gílóòbù ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Àlàájà ò gbé orí sókè. Ó tẹ nọ́ńbà káàdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó sì sọ iye tó kù fún ìyá tó dúró níwájú rẹ̀. Ìyá náà wé káàdì rẹ̀ padà sínú ọ̀rá, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó ní ọkọ̀ ń dúró de òun.